Ọmọ fẹ́ rí táígà nínú igbó, a sì ń lọ Àkúrẹ́ ní Kérésì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni wá, Manchester la ń gbé. Bàbá mi ní Ọbá-Ilé ń pa ìtàn ọdẹ fún ọmọkùnrin mi lórí fóònù, ló bá di pé táígà lọmọ fẹ́ rí, kò sì fẹ́ ti inú àgò. Ó ní tá a bá délé ní Kérésì, kí bàbá àgbà mú òun wọgbó lọ wò ó. Kí ni kí n ti sọ?
Ìyá Dámilọ́lá

Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ Oǹdó ni mí, Birmingham la wà, ọmọ tèmi náà ti yọ mí lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ sọ òótọ́ fún un: táígà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà. Éṣíà ni ilé rẹ̀, Íńdíà ló sì pọ̀ sí jù. Nígbà tí wọ́n ṣírò tiwọn ní 2022, ó lé ní 3,600.

Igbó Ranthambore ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà ni àwa lọ. Ìgbà tí ẹ máa lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ìsinmi gígùn oṣù Kẹjọ ò bá a mu rárá, torí òjò ni wọ́n ṣe máa ń ti àárín gbùngbùn igbó náà láti oṣù Keje títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án. Kérésì, Àkúrẹ́ lẹ ń lọ, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ìsinmi Àjíǹde ni mo fara mọ́. Ooru á mú yín o! Ṣùgbọ́n omi inú igbó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ìwọ̀nba adágún tó ṣẹ́ kù ni táígà á máa wá, kódà á wọnú omi jókòó.

Etí ni wọ́n fi ń wá a. Awakọ̀ á pa jíìpù, gbogbo wa á dákẹ́, afọ̀nàhàn á máa tẹ́tí. Bí ọ̀bọ onírù gígùn bá ké lórí igi, tí àgbọ̀nrín ké tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, wọ́n ti fura sí i nìyẹn; ibi tí igbe yẹn bá ń ṣí lọ ni ọkọ̀ ń dorí kọ. Iṣẹ́ ọdẹ pátápátá ni, bàbá yín á lè kọ́ ọmọ yẹn kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ má ṣèlérí fún un pé dandan ni kó rí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kín lásán la rí. Ẹ gba ìjáde tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè sanwó rẹ̀, torí iye ọkọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kó wọlé níwọ̀n. Jíìpù elérò mẹ́fà ni kẹ́ ẹ mú, ariwo pọ̀ jù nínú ti elérò ogún. Páàsípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú dé ẹnu géètì.

Ní ti Kérésì, ọgbà ẹranko yunifásítì FUTA wà nínú Àkúrẹ́ níbẹ̀. Á ráhùn pé ọgbà ni, ẹ jẹ́ kó ráhùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e lọ Òkè Ìdànrè láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Kí bàbá yín jókòó dè yín nísàlẹ̀ o, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600.
Bàbá Ifẹ́olúwa