Súwẹ́tà ọmọ tí ẹ ò lè fún èèyàn

Ìyá Ìbejì, mo rí ìbéèrè yín, pé àwọn súwẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín hun fáwọn ọmọ ti kéré sí wọn lára, bàbá wọn ní kẹ́ ẹ kó o fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ ò lè kó o, ẹ wá ń bi wá bóyá orí yín pé. Orí yín pé jàre. Èmi náà ní Ghana-must-go tó kún fún wọn lókè wọ́dúróòbù ní Kubwa, l'Ábújà níbí, ibi tí oòrùn February ò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn fẹ́ rí wúlù sójú.

Jos ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (ẹ mọ̀ pé àwa pọ̀ níbẹ̀). Ìlú yẹn ga tó bíi 1,200 mítà, ọyẹ́ ibẹ̀ ò mọ ọlọ́lá, ohun tẹ́ ẹ bá hun wọ́n á wọ̀ ọ́ gbó. Ní Abuja, àárọ̀ December nìkan ló tutù, tó bá di ọ̀sán wọ́n á ti bọ́ ọ dànù. So àwọn tó ń sọ pé "ẹ ṣáà fún èèyàn", ta ni ká fún?

Mo ti fún èèyàn rí o. Kádígàn ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, eléyìí tí mo hun ìlọ́po okùn tó yọ síta bí irun dídì sí láyà, òru ni mo fi ń hun ún torí ojú òwú yẹn, tó bá fi lè bọ́ kan péré, ẹ ti wọ gàù. Mo fún ìyàwó kan ládùúgbò tó bímọ, nígbà tó di Sunday ó gbé ọmọ wá kí mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní "Mọ́mì, ẹ wò ó, mo lọ̀ ọ́ fún un kó lè gún." Áyọ̀n gbígbóná! Gbogbo ìlọ́po yẹn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí ọ̀rá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ rẹwà, ó rẹwà lóòótọ́. Kò ṣẹ̀ mí, ta ló sọ fún un? Ohun tí gbogbo wa ń pè ní wúlù lọ́jà, acrylic, ìyẹn òwú oníke, ló pọ̀jù níbẹ̀, ìyẹn tí wọ́n fi ń dirun náà wà lára ẹ̀, tí iná áyọ̀n bá ti pa á kò ní jí mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí. Wúlù àgùntàn gan-an, omi gbígbóná àti kéèyàn máa bó o ló ń sọ ọ́ di kíkì, á sún kì. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ó máa yọjú wo bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ má tíì fún wọn.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí, mò ń tú wọn. Ẹ tú ojú rírán kọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti pa á dé nígbà tẹ́ ẹ hun ún tán, ibẹ̀ lẹ ó ti máa fà á, tẹ́ ẹ bá fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ á kàn ta kókó ni. Ẹ wé òwú náà mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ so ó níbi mélòó kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi kọ́ kó gbẹ. Tó bá jẹ́ wúlù gidi á nà, acrylic á ṣì máa ká kò díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ lè fi hun fìlà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èyí tó bá ti kì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, kò ní tú.

Ó ku ẹyọ kan tí mi ò lè tú. Aláwọ̀ ewé ni, ẹ ó rí ìlà kan lẹ́yìn ẹ̀ tó le ju ìyókù lọ, òwú ibẹ̀ há gádígádí, ibi tí ìrọbí ti mú mi nìyẹn, mo sì ń hun ún lọ torí mo rò pé inú rírun lásán ni. Kò sẹ́ni tí màá fún nìyẹn láyé.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣa tiyín sọ́tọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o pa mọ́, torí ara wúlù tó dọ̀tí ni kòkòrò máa ń fẹ́ jẹ. Bàbá Ìbejì tó bá tún sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n pé agbádá ìgbéyàwó wọn tí ò wọ̀ wọ́n mọ́ ńkọ́, ta ni wọ́n fún?