Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Wi-Fi tí Linux kò rí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan, Intel Atom ni, RAM rẹ̀ 2GB. Windows inú rẹ̀ ń falẹ̀ jù, mo bá pa á rẹ́, mo gbé Debian (irú Linux kan) sí i. Gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ àfi Wi-Fi. Mo tẹ lspci, mo tẹ lsusb, àwọn àṣẹ tó ń to ohun èlò inú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, n kò rí ohun tó jọ ọ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní oríta Ọláìyá ní ó ti jó, kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
*Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. PCI ni lspci ń wò, USB ni lsusb ń wò; ọ̀nà tí ohun èlò ń gbà so mọ́ kọ̀ǹpútà ni méjèèjì. Lórí irú tábúlẹ́ẹ̀tì tiyín, chip Wi-Fi kì í sábà sí lórí ọ̀kankan nínú méjèèjì. SDIO ló máa ń wà, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì SD náà ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kí àṣẹ méjèèjì má mú nǹkan jáde kò sọ pé chip ti kú. Àti pé líìdì ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yọ sọ́wọ́ bíi ti láptọ́ọ̀pù.

Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ èyí:

`cat /sys/bus/sdio/devices/*/uevent`

Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SDIO_ID. Nọ́ńbà méjì ló máa tẹ̀ lé e: ti òsì ni ilé iṣẹ́, ti ọ̀tún ni chip gan-an. 024C ni Realtek, 02D0 ni Broadcom. Bí ẹ bá rí 024C:B723, RTL8723BS nìyẹn, ó sì pọ̀ gan-an nínú àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì Atom olówó pọ́ọ́kú. Bí ìlà náà bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò séwu, chip kan náà lè ní ju ẹ̀ka kan lọ. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má wo orúkọ tó wà lẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń pààrọ̀ chip láìpààrọ̀ orúkọ. (Ẹni tí Windows rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lè wò ó ní Device Manager, lábẹ́ Hardware Ids, kó tó pa á rẹ́: VID_024C&PID_B723 ló máa rí.)

Tí kò bá mú nǹkan kan jáde ńkọ́? Ẹ tẹ `sudo dmesg | grep -i mmc`, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "SDIO card" sí. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, kernel (ọkàn Linux gan-an) kò tíì rí chip náà. Ó lè jẹ́ pé iná kò dé ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti pa á nínú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ BIOS wò, kí ẹ sì dán kernel tó tún jẹ́ tuntun wò. Lásìkò yìí, driver (ètò tí kernel fi ń darí chip) tàbí firmware (fáìlì tí chip fúnra rẹ̀ ń lò) tí ẹ bá ń wá kiri, àṣedànù ni.

Bí nọ́ńbà bá ti jáde, ó kù kí a mọ ohun tó sọnù:

`sudo dmesg | grep -i firmware`

"Failed with error -2" túmọ̀ sí pé driver wà, ó sì ń wá fáìlì kan tí kò rí nínú /lib/firmware. Ìlà náà fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ fáìlì ọ̀hún. Ti RTL8723BS ni rtlwifi/rtl8723bs_nic.bin, inú àkójọ Debian tí wọ́n ń pè ní firmware-realtek ló wà. Driver tirẹ̀ ti wọ inú kernel láti 4.12, ní 2017. Ẹ fi `uname -r` wo èyí tí ẹ ń lò. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ṣe compile driver náà (kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọ láti inú kóòdù rẹ̀) lórí Debian òde òní, ìmọ̀ràn àtijọ́ ló ń fún yín.

Broadcom ló ń fìyà jẹni. Fáìlì méjì ló ń béèrè, .bin àti .txt. Èyí àkọ́kọ́ wà nínú firmware-brcm80211. Èkejì ni wọ́n ń pè ní NVRAM, òun ló ń sọ bí eriali àti agbára tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ṣe rí, nítorí náà fáìlì ti ẹlòmíràn lè mú Wi-Fi wá kó má lágbára. Ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ ti tọ́jú rẹ̀ sínú UEFI (BIOS òde òní):

`ls /sys/firmware/efi/efivars/ | grep nvram`

Bí ó bá wà, ẹ fi sudo kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú /lib/firmware/brcm, kí ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tí dmesg ń béèrè gẹ́lẹ́, bíi brcmfmac43340-sdio.txt. Kí ẹ wá tún tábúlẹ́ẹ̀tì tàn.

Ẹ ó ní báwo lẹ ṣe fẹ́ rí firmware wọ̀nyí gbà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi okùn OTG (èyí tó ń jẹ́ kí tábúlẹ́ẹ̀tì gba ohun èlò USB) so fóònù Android mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù, kó lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Linux á rí fóònù bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà. Lórí Debian 12 (2023) sókè, abala non-free-firmware ni àwọn firmware náà wà. Lórí èyí tó ṣáájú, non-free ni. Ẹ fi abala tó bá ti Debian yín mu kún /etc/apt/sources.list, fáìlì tó ń sọ ibi tí Debian ti ń gba ètò, bí kò bá tíì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà:

`sudo apt update`
`sudo apt install firmware-realtek firmware-brcm80211`

Ẹ rántí pé ojú ihò kan ṣoṣo ló sábà ń wà lára tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí okùn OTG bá wà níbẹ̀, kò sí àyè fún ṣájà, fóònù á sì tún máa fa iná lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra Wi-Fi USB kékeré fún tábúlẹ́ẹ̀tì mi tó ń lo Linux. lsusb rí i, ó kọ 0bda:1a2b, ṣùgbọ́n kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan wá.
*Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀*

ÌDÁHÙN: Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti Wi-Fi. Ó ń ṣe bíi CD tí driver Windows wà nínú rẹ̀ ni. Fi usb-modeswitch, ètò tó ń yí i padà sí Wi-Fi, sórí Linux rẹ, tàbí kí o tẹ `sudo eject /dev/sr0`, kí o tún lsusb tẹ̀. Nọ́ńbà tuntun tó bá jáde ni kí o fi wá driver. Ẹni tí kò tíì rà ni kó wá èyí tó ní AR9271, nọ́ńbà rẹ̀ 0cf3:9271: driver ath9k_htc wà nínú kernel tipẹ́, kóòdù firmware rẹ̀ pàápàá wà ní gbangba. 2.4GHz nìkan ló ń gbà. Gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí o sì tẹ lsusb lójú ẹni tó ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Wi-Fi mi hàn, ṣùgbọ́n kò ṣeé tàn.
*Òǹkàwé, Ìgbóná*

ÌDÁHÙN: Ẹ tẹ `rfkill list`, àṣẹ tó ń sọ bóyá wọ́n ti dí Wi-Fi. Bí "Soft blocked" bá jẹ́ yes, `sudo rfkill unblock wifi` tó. Bí ó bá jẹ́ "Hard blocked", àṣẹ kankan kò ní ṣí i; ẹ wá bọ́tìnnì rẹ̀ lára tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ sì wo BIOS.