Kí ni wọ́n ń fi fọ́tò ẹranko tí ọkọ̀ pa ṣe?

Wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹranko ti ń sọdá títì ni. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á ya fọ́tò òkú náà, á kọ irú ẹranko tó jẹ́, ọjọ́ àti ojú ibi tó wà. Tí òkú bá ti ń pọ̀ lójú kan, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe ọgbà tó máa dí ẹranko lọ́nà sí, tàbí kí wọ́n la ihò gba abẹ́ títì fún ọ̀pọ̀lọ́. Ní California ní Amẹ́ríkà, yunifásítì UC Davis ti ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí láti 2009. Project Splatter, irú iṣẹ́ yìí kan náà ti Yunifásítì Cardiff ní Wales, bẹ̀rẹ̀ ní 2013.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà kò pé o. Ẹyẹ ìwò ti lè gbé ológoṣẹ́ lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àmọ́ àgbọ̀nrín tóbi, kò ṣeé fojú fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí fọ́tò dúró láàárín títì.