Èsì: Ewédú tó kọ̀ tí kò hù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fọ́n irúgbìn ewédú sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kò sì hù. Ó lè má kú o. Èèpo rẹ̀ ló le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ di òmíràn sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ yára gbé e sínú omi tútù. Bó bá gbẹ díẹ̀, ẹ fi yanrìn pò ó kí ẹ tó fọ́n ọn.

Koríko tí ẹ ṣán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i! Ẹ tẹ́ ẹ sídìí ilá àti ata, kí ilẹ̀ lè tutù. Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa ná, torí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.