Ṣé kí n yọ orin tó ní Lárúbáwá nínú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò wa n'Íbàdàn ní kí n gba orin àwọn ìyá àgbà sílẹ̀, ká fi ṣe ìwé kékeré. Mo ti gba bíi ogójì sórí fóònù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá ní kí n yọ gbogbo èyí tó bá ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tàbí Haúsá, pé "orin Yorùbá pọ́ńbélé" la fẹ́. Ṣé kí n yọ wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ̀kankan. Akọ̀wé yín kọ́ ló kọ́kọ́ nírú èrò yẹn, ẹ má bínú sí i.

Ìfẹ́ ẹ̀yà ẹni ló bí iṣẹ́ yìí gan-an. Herder, ará Jámánì, kó orin mẹ̀kúnnù jọ sínú ìwé ní 1778 àti 1779, ó gbà pé ibẹ̀ la ti ń mọ irú ènìyàn tí ẹ̀yà kan jẹ́. (Bẹ́ẹ̀ orin ẹ̀yà mìíràn kún inú ìwé ọ̀hún!) Ìfẹ́ yẹn ṣe àwa náà lóore. Nígbà tí wọ́n ń fi ohùn òyìnbó kọ orin ìsìn Yorùbá, ẹ fẹ́ pe ọkọ ìyàwó, ohùn á gbé e sókè, á di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Àwọn bíi Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta ló fi ohùn ilé wa kọ ọ́; ní 1922 ó kọrin sínú àwo ní London.

Ibi tó ti ń di ìjà ni ká máa ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Béla Bartók àti Kodály, olórin méjì ará Hungary, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sára ìda kiri abúlé ilẹ̀ Hungary, wọ́n ń wá orin Hungary tòótọ́. Bartók bá ti Slovakia àti Romania nínú rẹ̀, ó sì bá ti Hungary nínú tiwọn. Ó kó gbogbo rẹ̀. Ní 1920, wọ́n bú u nínú ìwé ìròyìn nílé pé kò fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ tó, torí ó kọ̀wé lórí orin Romania.

Níbàdàn ńkọ́? Nǹkan bí 1829 ni ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbẹ̀. Èwo ni pọ́ńbélé? Tí ẹ bá ń yọ Lárúbáwá, àlàáfíà á lọ, àlùbáríkà á lọ, wàhálà náà á lọ (ìyẹn nìkan ló dáa). Ìyá kan kọrin ìrẹmọ fún mi ní Ọjà'ba, wọ́n ń mi ẹ̀yìn bí ẹni tó pọnmọ, wọ́n sì fi "Alihamudulilahi" há àárín orin. Mo ní ṣé bí ìyá wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n wò mí: "Ta ló tún ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn?"

Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọrin, àdúgbò, ọjọ́, ẹni tó kọ́ ọ lórin náà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Bí ẹni méjì bá kọ ọ́ yàtọ̀, ẹ tẹ méjèèjì, ẹ má tún un ṣe. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Orin ilé mìíràn ò yẹ níta. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà ohùn náà síbòmíràn kí fóònù tó bọ́ sómi.

Tí akọ̀wé bá yarí, ẹ bá a yí àkọlé ẹ̀yìn ìwé padà sí: "Orin Àdúgbò Wa". Inú rẹ̀ ni kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn.