Èsì: Bí a ṣe ń wọn ihò omi inú igi ìrókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu. Ẹ ní ìwọ̀n ihò ìrókò yín, ìyẹn àwọn ihò tín-ín-rín tí omi ń gbà kọjá nínú igi, ń yí padà bí ẹ bá ti pààrọ̀ awò ìsàlẹ̀ maikirosikóòpù. Ihò kọ́ ló ń yí o. Àwọn ìlà ìwọ̀n tó wà nínú awò òkè tí ẹ̀ ń fojú wò lẹ ò tíì mọ iye wọn.

Ẹ fi sílàìdì onílà sábẹ́ maikirosikóòpù, èyí tí wọ́n pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 100, kí ẹ wo ibi tí ìlà rẹ̀ àti ìlà inú awò òkè ti bára mu, kí ẹ lè mọ iye ìlà inú awò. Awò ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀.

Orí igi tí ẹ gé ní ìdábùú ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Kí ìlà yín dábùú àwọn fọ́nrán tó ti àárín igi lọ sí èèpo, kí ẹ má sì ka ògiri ihò mọ́ ọn. Ẹ wọn ihò 25, ó kéré tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣa àwọn ńláńlá nìkan!

Bí fọ́tò lẹ bá ń lò, ọ̀fẹ́ ni ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn nǹkan lórí fọ́tò.