Èsì: Wíwọn èéfín ọkọ̀ ní Iwo Road

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ sí ibùdókọ̀ Iwo Road n'Íbàdàn, tó láti fi hàn ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà pé èéfín ọkọ̀ ló ń ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́. Kò tó rárá. Méjì ni kí ẹ lò: ọ̀kan létí títì, èkejì sínú àdúgbò, ó kéré tán mítà 300 sí títì. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló ń sọ ohun tí títì ń dá kún un.

Ẹ gbé ẹ̀rọ méjèèjì ga tó mítà 2 sí 3, kí wọ́n jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ìdí alákàrà.

Ọ̀rinrin ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 80%, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á máa ka ìkán omi mọ́ eruku, nọ́ńbà á sì fò sókè lásán, pàápàá ní ìdájí. Ẹ yọ àwọn wákàtí bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ má sì fi ìgbà ọyẹ́ nìkan ṣe ẹ̀rí, torí eruku aṣálẹ̀ á bo ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi lélẹ̀ ní 2021 pé kí PM2.5, ìyẹn eruku tín-ín-rín inú afẹ́fẹ́, má kọjá ni 15 µg/m³ (máíkírógíráàmù nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́) fún wákàtí 24, àti 5 fún ọdún kan.

Ẹ tún ka ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Micra, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, tírélà. Ẹ kọ àwọ̀ èéfín wọn sílẹ̀. Dúdú láti sàlẹ́ńsà tírélà, dísẹ́ẹ̀lì ni kò jó tán: nọ́súlù tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Búlúù, ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì.